Nígbà tí iṣan ọrùn bá di eegun tó ń fún okùn ọpọlọ: bí ẹ ṣe lè tètè mọ̀ ọ́n àti ohun tí ẹ ó ṣe

Bọ́tìnì ẹ̀wù ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí àrùn yìí. Ìka á máa yọ̀ lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á máa já bọ́ lọ́wọ́, òkèlè àmàlà kò ní ṣù bó ṣe yẹ mọ́, báńkì á sì dá ìwé padà nítorí pé ìfọwọ́síwèé kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Tó bá yá, ẹsẹ̀ á máa wúwo, sálúbàtà á máa bọ́ lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀. Ọrùn lè má dun èèyàn rárá. Nítorí pé kò sí ìrora, wọ́n á ní àgbà ló dé, tàbí làkúrègbé, tàbí pé aláìsàn tẹ oògùn tí ọ̀tá dẹ sílẹ̀, oṣù á sì máa gorí oṣù. Okùn ọpọlọ tí eegun ń fún kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ibi tó bá ti kú nínú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ kò lè jí i. Nítorí náà, ọwọ́ àti ìrìn ni kí ẹ máa wò. Ẹ má dúró de ìrora.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọrùn

Eegun ọrùn jẹ́ méje, wọ́n to léra wọn, ihò kan sì là wọ́n já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú ihò yìí ni okùn ọpọlọ gbà, okùn rírọ̀ tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀. Àwọn iṣan líle kan ló de àwọn eegun náà pọ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn nà gbọọrọ níwájú okùn ọpọlọ, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwọn eegun. Òmíràn wà lẹ́yìn okùn náà, ó so òrùlé ihò eegun kan mọ́ ti èkejì. Lára àwọn kan, iṣan ìdè wọ̀nyí a máa di eegun gidi, èyí tó tilẹ̀ ní mùdùnmúdùn nínú, á máa nípọn sí i díẹ̀díẹ̀, ààyè okùn ọpọlọ á sì máa dín kù. Bí èyí tó wà níwájú bá di eegun, OPLL ni ẹ ó rí nínú ìwé àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn ni, OLF ni wọ́n ń kọ. Ọrùn ni OPLL fẹ́ràn, pàápàá agbègbè C4 sí C6 (eegun ọrùn kẹrin sí ìkẹfà). OLF fẹ́ràn ìsàlẹ̀ igbá àyà, láàárín T9 sí T12 (eegun ẹ̀yìn àyà kẹsàn-án sí ìkejìlá).

Ihò ọrùn àgbàlagbà sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 17 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá kéré sí 13, ó ti há. Ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ tó dúró sójú kan nìkan kọ́ ló ń ba okùn náà jẹ́. Bí èèyàn bá gbé ojú sókè tí ọrùn tẹ̀ sẹ́yìn, iṣan ẹ̀yìn á ká wọ inú ihò, eegun tuntun wà níwájú, okùn ọpọlọ á wà láàárín wọn, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè dé inú rẹ̀ dáadáa. Ohun tó fà á nìyí tí ẹlòmíràn fi lè gbé eegun yìí sọ́rùn fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀, kó wá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ọwọ́ méjèèjì sì rọ.

Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti mọ àrùn yìí jù. Dókítà kan tó ń jẹ́ Key ti kọ nípa rẹ̀ ní Guy's Hospital ní London ní 1838, àmọ́ ìgbà tí Tsukimoto ṣe ìròyìn òkú kan tí wọ́n yẹ̀ wò ní 1960 ni àwọn ará Japan wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Wọ́n rí i lọ́rùn bíi 2 sí 4 nínú 100 àwọn tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìjọba wọn kà á mọ́ àwọn àrùn líle tí ìjọba náà ń bá aláìsàn gbé bùkátà ìtọ́jú wọn: OPLL ni nọ́ńbà 69 nínú ìwé náà, OLF ni 68. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn dókítà Japan ni ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tí ẹ ó bá pàdé nísàlẹ̀ ti wá. Kì í ṣe tiwọn nìkan, ṣá o. Wọ́n ń rí i lára gbogbo ẹ̀yà, aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú, ibi tí CT, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara, bá sì ti ṣọ̀wọ́n ni kì í ti í lórúkọ.

Ó ń ṣe ọkùnrin tó ìlọ́po méjì obìnrin, ó sì sábà máa ń fara hàn lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Àtọ̀gbẹ àti sísanra jù wà lára ohun tó ń bá a rìn. Ẹbí náà ń kó ipa: nígbà tí wọ́n ya fọ́tò ọrùn àwọn ìbátan aláìsàn ní Japan, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 nínú 4 ló ní in. Kò sí ẹ̀rí pé wàrà, ẹja gbígbẹ tàbí omi kànga ló ń fà á, ẹ má tìtorí rẹ̀ fi oúnjẹ tó ń ṣe eegun lóore sílẹ̀.

Àmì rẹ̀, àti àwọn àrùn tó jọ ọ́

Ẹ wo ọwọ́ kọ́kọ́. Ìka á kú tipiri tàbí kó máa rìn yìnrìnyìnrìn, ọwọ́ méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ló ń kọ́kọ́ lọ: ṣíṣa ẹ̀wà, fífi okùn bọ abẹ́rẹ́, kíka owó, wíwé gèlè, títẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èèyàn lè ṣì gbé garawa omi nígbà tí kò lè de bọ́tìnì mọ́, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ, wọ́n á ní agbára ṣì wà.

Ẹsẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Kò rọ bí aṣọ, líle ló ń le. Orúnkún kì í tẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ á máa wọ́lẹ̀, ẹni náà á máa ya ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó lè dúró, yóò sì fẹ́ di ògiri mú nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Òkùnkùn ń mú un burú sí i, torí ojú ló ti ń fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà. Ìtọ̀ ló sábà máa ń kẹ́yìn: kó máa kán èèyàn lójú láti tọ̀, tàbí kó dúró pẹ́ kí ìtọ̀ tó jáde. Àwọn kan á tún sọ pé bí àwọn bá tẹ orí ba, ohun kan bí iná mànàmáná á sáré gba ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti ní irú èyí, ẹ má ṣe é léraléra láti fi dán an wò.

Bí ìka àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín nìkan bá ń kú, tó ń jí yín lóru, tí ìrìn sì dára, iṣan ìmọ̀lára tó há ní ọrùn ọwọ́ ló jọ jù. Ti àtọ̀gbẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì gòkè wá, bí dókítà bá sì fi hámà kékeré lu orúnkún, ẹsẹ̀ kì í fẹ́ ta. Bí okùn ọpọlọ bá wà lábẹ́ ìfúnpọ̀, ṣe ló máa ń ta fìrì ju bó ṣe yẹ lọ. Rọpárọsẹ̀ máa ń dé lójijì, lápá kan, ẹnu sì lè wọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú eegun ẹ̀yìn máa ń mú ibà, òógùn òru, rírù àti ìrora ojú kan wá, ní ìlú wa ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Àìtó fítámì B12 ló jọ ọ́ jù, ó sì lè ṣe ẹni tó ti ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, fún ọdún púpọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un. Àrùn méjì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ àtọ̀gbẹ bo ọ̀rọ̀ ọrùn mọ́lẹ̀.

OLF kò fọwọ́ kan ọwọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń le tó sì ń rọ, àyà tàbí ikùn lè dà bíi pé wọ́n fi ìgbànú dì í. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé wọ́n á ya ìbàdí nìkan, ìbàdí á mọ́, wọ́n á ní kò sí nǹkan. Bí ẹsẹ̀ bá ń le tí ọwọ́ sì dára, ẹ béèrè pé kí wọ́n ya àárín ẹ̀yìn, ní ẹ̀yìn igbá àyà.

Ìdánwò tí ẹ lè ṣe nílé

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, ìrìn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó fún ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ó ní in ṣùgbọ́n tí kò tíì ní àmì. Ẹni tó ti ní àmì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àkókò kan náà ni kí ẹ máa ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn máa kà á.

Àkọ́kọ́ ni dídì àti lílà ọwọ́. Ẹ jókòó, ẹ na apá síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀. Ẹ fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹ di ọwọ́ kan ní ẹ̀ṣẹ́ tán pátápátá, ẹ là á tán pátápátá, kó yá bó bá ṣe lè yá, ẹ ṣe é títí aago á fi dún. Ẹ ṣe ọwọ́ kejì lọ́tọ̀. Ọwọ́ tó dá ṣáká máa ń ṣe é tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá kéré sí 20, ẹ lọ rí dókítà, pàápàá bí ìrìn náà bá ti yí padà. Kí ẹni tó ń kà á tẹjú mọ́ ọrùn ọwọ́ dáadáa: lára ẹni tí okùn ọpọlọ rẹ̀ wà lábẹ́ ìfúnpọ̀, ìka kì í fẹ́ là tán, ọrùn ọwọ́ á wá máa tẹ̀ sísàlẹ̀ nígbà tó bá ń tiraka láti la ìka, á sì tẹ̀ sókè nígbà tó bá ń dì í. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ kà lọ. Bí oríkèé ìka bá wú tó sì ń dunni, iye náà kò ṣeé gbára lé, làkúrègbé lè dín in kù.

Èkejì: ẹ na ìka gbogbo, ẹ pa wọ́n pọ̀ ṣinṣin, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí ìka tó kéré jù bá ń yà kúrò lára ìyókù fúnra rẹ̀, tàbí tó ń ṣẹ́ wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹnì kan dúró tì yín tímọ́tímọ́. Ẹ fi gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, ẹ rìn bẹ́ẹ̀ lórí ìlà kan fún ìgbésẹ̀ 10. Ẹni tí kò bá lè ṣe é tó 10 láìya ẹsẹ̀, tí kò sì ní àrùn orúnkún, yẹ kó lọ fi ara rẹ̀ han dókítà. Ẹ má ṣe é lórí táìlì tó tutù.

Kí ẹ tún wọ ẹ̀wù kan náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú-àáyá tí bọ́tìnì márùn-ún gbà. Kò sí iye tí gbogbo ayé fọwọ́ sí fún èyí, tiyín ti oṣù tó kọjá ni kí ẹ fi wé e.

Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá rọ láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, bí ìtọ̀ bá dúró pátápátá tàbí tó ń jáde láìmọ̀, bí abẹ́ àti ìdí bá kú tipiri, tàbí bí èèyàn bá ṣubú tí ìka sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni fi ata pa á, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ẹ má dúró de ọjọ́ klíníìkì.

Nílé ìwòsàn

Ẹ gbé ìwé kékeré náà lọ. Ohun tí dókítà máa ń ṣe kò pẹ́: yóò fi hámà lu orúnkún àti ìgúnpá, yóò ta èékánná ìka àárín pẹ́ kó wò ó bóyá àtàǹpàkò máa ká, yóò sì fi nǹkan ha àtẹ́lẹsẹ̀ kó wò ó bóyá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ máa gbéra. Bí wọ́n bá wo oríkèé nìkan, tí wọ́n fún yín ní abẹ́rẹ́ ìrora, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò yìí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ní Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ti eegun ẹ̀yìn ni kí wọ́n kọ̀wé fún yín sí. UCH Ìbàdàn, níbi tí Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962, LUTH, ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ń wo irú rẹ̀. Ẹni tó wà ní Britain, ọ̀dọ̀ GP, ìyẹn dókítà ìdílé, ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kó sì sọ ní kedere pé ọwọ́ òun ti di òpè àti pé ìrìn òun ti yí padà. Bó bá sọ pé ọrùn ń dun òun nìkan, yóò pẹ́ lórí ìlà.

Wọ́n á gbé ìwọ̀n mJOA lé yín, èyí tó ń wo ọwọ́, ẹsẹ̀, ìmọ̀lára àti ìtọ̀. 18 ni ẹni tó dá ṣáká. 15 sí 17 fúyẹ́, 12 sí 14 wà láàárín, ohun tó bá kéré sí 12 ti le. Ẹ béèrè iye tiyín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, nítorí òun ni ẹ ó fi mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá ẹ ń lọ sẹ́yìn.

Nípa fọ́tò: X-ray láti ẹ̀gbẹ́ lè fi eegun tó nípọn hàn, ṣùgbọ́n èyí tó tín-ín-rín á sá pamọ́ fún un. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya fọ́tò inú ara, ń fi okùn ọpọlọ hàn, ó sì ń fi hàn bó bá ti ṣe léṣe: ojú funfun kan nínú okùn náà lórí irú fọ́tò MRI tí wọ́n ń pè ní T2. Ibi tí MRI ti ń ṣini lọ́nà ni pé dúdú ni eegun tuntun yìí sábà máa ń hàn nínú rẹ̀, dúdú náà ni iṣan ìdè àti àwo (disc, tìmùtìmù tó wà láàárín eegun kan sí èkejì) tó bá yọ jáde, nítorí náà wọ́n lè kọ ọ́ pé àwo ló yọ. CT ló ń là á kedere. Bí MRI bá ní àwo kan yọ lẹ́yìn eegun ní ipele mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ léra, tàbí tí ohun dúdú náà lọ gba ẹ̀yìn eegun fúnra rẹ̀, tí kò dúró ní ibi àwo nìkan, ẹ béèrè fún CT kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Owó rẹ̀ ń dunni, a mọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ tí wọ́n gbé lé àṣìṣe ń dunni jù ú lọ.

Ìwọ̀n mẹ́ta ni kí ẹ béèrè láti inú CT. Èkíní ni ìdá tí eegun náà gbà nínú ihò. Bí ihò bá fẹ̀ tó mílímítà 15, tí eegun tuntun sì nípọn tó 9, ó ti gba 60 nínú 100. Nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n tọpa fún ọdún gbọọrọ ní Japan, gbogbo ẹni tó dé 60 ló ní àmì ìfúnpọ̀. Èkejì ni ààyè tó ṣẹ́ kù. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, mílímítà 6. Àwọn tí ààyè wọn kéré sí 6 ní àmì, àwọn tó ní 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní. Láàárín 6 sí 14, bí ọrùn ṣe ń yí sí ló máa ń pinnu rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìlà K: ìlà tí wọ́n fà láti àárín ihò ní C2 dé àárín ihò ní C7 lórí fọ́tò ẹ̀gbẹ́. Bí eegun bá kọjá ìlà náà sẹ́yìn, wọ́n á kọ ọ́ ní òdì (negative), ìyẹn sì ń yí irú iṣẹ́ abẹ padà bí a ó ṣe rí i.

Bí kò bá tíì tó iṣẹ́ abẹ

Ìròyìn ayọ̀ wà fún ẹni tí wọ́n rí i lára rẹ̀ láìní àmì. Ní Yunifásítì Kagoshima, Matsunaga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ọ̀pọ̀ aláìsàn, wọ́n sì ṣírò pé 71 nínú 100 àwọn tí kò ní àmì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé lè lọ ọgbọ̀n ọdún láìní in. A kì í fi ọ̀bẹ kan irú wọn nítorí fọ́tò nìkan. Ẹni tí àmì rẹ̀ fúyẹ́ lè bá dókítà jíròrò: iṣẹ́ abẹ, tàbí kí wọ́n ṣọ́ ọ pẹ̀lú ìtọ́jú físíò, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ bó bá ń burú sí i. Láti 14 sí ìsàlẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni ìmọ̀ràn tó wà.

Kò sí oògùn tó ń yọ́ eegun yìí, ì báà jẹ́ ti òyìnbó tàbí àgbo. Pregabalin tàbí gabapentin lè dín jíjó ìka kù, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú oorun àti òòyì wá, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa sì lè tìtorí rẹ̀ ṣubú. Alẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n tí dókítà bá kọ ni kí ẹ lò. Ibuprofen àti diclofenac lójoojúmọ́ ń ṣe kíndìnrín àti ikùn ní jàǹbá, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ọrùn yín kó dún kẹ́kẹ́. Ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ kí ó má fọwọ́ kan ọrùn lẹ́yìn tó bá gẹrun tán. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun fún ọ̀ràn yìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan fa ọrùn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń wọ́ ara gun ẹ̀yìn yín. Iṣẹ́ wọn wúlò níbòmíràn. Níbi tí eegun ti fún okùn ọpọlọ, ìyíkà kan ṣoṣo ti tó láti sọ ẹni tó ń rìn di ẹni tí wọ́n ń gbé.

Gbígbé ojú sókè pẹ́ ló kù tí ẹ ó máa ṣọ́. Nílé ìṣerun, ẹ má gbé orí sẹ́yìn sínú básíà tí wọ́n fi ń fọ irun, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ tàbí kí wọ́n fọ̀ ọ́ níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ má kun àjà, ẹ má ká máńgòrò. Bí ẹ bá fẹ́ kán oògùn sí ojú, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ má tẹ ọrùn sẹ́yìn. Ẹ sọ fún dókítà eyín kó tó gbé àga rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìrọ̀rí kan tó gbé orí dọ́gba pẹ̀lú àyà ni kí ẹ lò, kó má ga bí òkìtì, kó má sì jẹ́ kí orí ṣubú sẹ́yìn. Ẹrù wúwo lórí, ó tó gẹ́ẹ́. Nínú mọ́tò, ẹ gbé ìtìlẹ́yìn orí ga títí yóò fi dé ẹ̀yìn orí, nítorí bí wọ́n bá gbá mọ́tò láti ẹ̀yìn, òun ni kò ní jẹ́ kí ọrùn fò sẹ́yìn. Ọ̀kadà lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò kò dára fún yín.

Ìṣubú ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Ẹ fi irin ìdìmú sí balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀, ẹ kó kápẹ́ẹ̀tì tó ń ká kúrò, ẹ jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì wà létí ibùsùn nítorí NEPA. Bàtà tó ní okùn lẹ́yìn dára ju sálúbàtà lọ. Ọtí púpọ̀ àti àìdọ́gba ẹsẹ̀ kì í gbé pọ̀. Ẹ rìn lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́, ẹ ṣọ́ àtọ̀gbẹ, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n ara sọ̀ kalẹ̀. Kọ́là ọrùn lè ràn yín lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta, iṣan ọrùn á rọ, kò sì ní dá eegun náà dúró.

Bí ẹni tó ní àrùn yìí bá ṣubú tí kò lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ẹ má gbé e jókòó, ẹ má fún un lómi, ẹ má fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e ní ìjókòó. Ẹnì kan kí ó kúnlẹ̀ lókè orí, kó di orí mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó má yí. Ẹ ká aṣọ tó le, ẹ fi há ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Bó bá di dandan láti gbé e, èèyàn mẹ́rin ó kéré tán: ẹni tó di orí mú ló ń pàṣẹ, àwọn mẹ́ta ìyókù á yí ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí pátákó, orí àti ara á lọ pọ̀. Bí ọwọ́ bá rọ ju ẹsẹ̀ lọ, ẹ má rò pé irọ́ ló ń pa. Àárín okùn ọpọlọ ló fara pa, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ

Ọ̀nà méjì ló wà. Láti ẹ̀yìn, wọ́n á ṣí òrùlé ihò náà kí okùn ọpọlọ lè sún sẹ́yìn kúrò lára eegun. Wọn kò ní fọwọ́ kan eegun náà. Kiyoshi Hirabayashi ti Yunifásítì Keio ló gbé irú kan kalẹ̀ ní 1977, níbi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé náà tán, wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ kejì ní ìlàjì, wọ́n á sì ṣí i bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Ó dára fún ẹni tí ọrùn rẹ̀ ṣì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ bó ṣe yẹ, tí ìlà K rẹ̀ kò sì jẹ́ òdì. Bí ìlà K bá jẹ́ òdì, tàbí tí eegun bá ti gba 50 sí 60 nínú 100, ṣíṣí ẹ̀yìn nìkan kò tó, torí okùn ọpọlọ kò níbi tí yóò sún sí. Wọ́n á gba iwájú lọ yọ eegun náà tàbí kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó máa léfòó láìfà á yọ, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀yìn kí wọ́n sì fi irin de ọrùn. Kí wọ́n kó òrùlé kúrò pátápátá láìfi irin dè é ń mú kí ọrùn tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ béèrè pé èwo ni tiyín, kí sì nìdí.

Kí dókítà tó ń fúnni lóògùn oorun gbọ́ láti ẹnu yín pé ọrùn yín kò gbọdọ̀ tẹ̀ sẹ́yìn nígbà tó bá ń ki rọ́bà èémí, bẹ́ẹ̀ náà ni fún iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí míì, ì báà jẹ́ ti ìpákè tàbí ti ojú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ jù lórí tábìlì, okùn tí a ti fún mọ́lẹ̀ nílò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá kó jáwọ́ ṣáájú, nítorí eegun tí wọ́n fi irin dè kì í tètè jinná lára amusìgá.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, bí ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ẹ̀jẹ̀ ló lè ti dì síbẹ̀. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, wákàtí díẹ̀ ló wà láti tún un ṣí. Bí wọ́n bá gba iwájú, ọrùn tó ń wú àti èémí tó ń ṣòro ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ pàjáwìrì. Ohùn há-há àti ìnira láti gbé oúnjẹ mì sábà máa ń lọ fúnra wọn. Omi mímọ́ gaara lójú egbò, pẹ̀lú orí fífọ́ tó ń dé nígbà tí ẹ bá jókòó tó sì ń lọ nígbà tí ẹ bá sùn, túmọ̀ sí pé awọ tó bo okùn ọpọlọ ti ya. Ó ṣẹlẹ̀ torí pé awọ náà máa ń bá eegun dì mọ́ra nígbà míì, CT sì lè fi í hàn ṣáájú bí ìlà méjì lójú eegun náà. Bíi 5 nínú 100 kì í lè gbé apá sókè mọ́ ní èjìká láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí i, nígbà tí ẹsẹ̀ sì ń dára. Ó máa ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù díẹ̀ sí ọdún kan pẹ̀lú físíò.

Ẹ ó dìde rìn láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má gbé ohun tó ju kílò 4 tàbí 5 lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má wa mọ́tò títí dókítà á fi ní ó yá. Ọwọ́ máa ń sàn díẹ̀díẹ̀, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ń yára jù, kíkú tipiri ló ń pẹ́ jù, kì í sì í lọ tán lára gbogbo èèyàn. Ẹni tó ti ní àmì ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó ṣí i kì í sábà rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. Ẹ máa bá ìwé kékeré yẹn lọ.

Eegun náà lè máa dàgbà lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n gba ẹ̀yìn ṣe, pàápàá lára ẹni tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ẹ ya X-ray lọ́dọọdún fún ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ tún CT ya bí dídì àti lílà ọwọ́ bá já wálẹ̀. Kí wọ́n sì ya àárín ẹ̀yìn náà lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tó ní OPLL lọ́rùn lè ní OLF nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì ní sàn títí wọ́n á fi rí i. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín tó ti lé ní ogójì ọdún kí wọ́n ka dídì àti lílà ọwọ́ tiwọn náà, ẹni tí tirẹ̀ bá sì kéré sí 20 kó lọ ya ọrùn.